Bí Etí Omi Brooklyn Ṣe Di Ti Gbogbo Ayé

Ní àwọn ọdún 1940, Robert Moses, ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà nílùú New York, fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín àdúgbò Brooklyn Heights. Àwọn onílé yarí. Níkẹyìn, wọ́n gbé ọ̀nà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí odò East River, wọ́n kọ́ ọ ní àjà méjì léra wọn, wọ́n sì ṣe ibi ìrìn-gbẹ̀fẹ́ sí orí rẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n ṣí i. Téèyàn bá dúró níbẹ̀, á máa wo omi, á máa wo àwọn ilé gogoro Manhattan ní òdìkejì. Ojú tó o, ẹsẹ̀ ò tó o: ọkọ̀ ń sáré lábẹ́ rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí àti èbúté ló sì wà nísàlẹ̀, láti Pier 1 dé Pier 6.

Kọ̀ńténà ló lé iṣẹ́ kúrò ní àwọn èbúté náà. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ gbàràgada tí wọn yóò máa tò ó sí, èbúté tóóró tí òkè dí lẹ́yìn ò sì ní in. Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe kọrí sí New Jersey nìyẹn. Lọ́dún 1983, Port Authority, iléeṣẹ́ ìjọba tó ni ibẹ̀, dáwọ́ kíkó ẹrù dúró. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di pé wọn yóò ta ilẹ̀ náà fún àwọn kọ́lékọ́lé.

Ibẹ̀ ni ìjà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kóra jọ, wọ́n ní ọgbà ìgbafẹ́ làwọn ń fẹ́. Ìpàdé lórí ìpàdé, nǹkan bí ogún ọdún. Nígbà tí Gómìnà George Pataki àti Olórí Ìlú Michael Bloomberg fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lọ́dún 2002, wọ́n ki ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ tó dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn náà: ọgbà yìí ni yóò máa bọ́ ara rẹ̀. Ìjọba yóò kọ́ ọ, àmọ́ owó ìtọ́jú rẹ̀ yóò ti ara àwọn ilé tí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀ jáde.

Iléeṣẹ́ Michael Van Valkenburgh ló ya àwòrán rẹ̀, Pier 1 sì ṣí sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2010. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí ni Pier 1 wà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè mọ òkè síbẹ̀. Àwọn èbúté yòókù dúró lórí òpó, ẹrù wúwo ò bá wọn mu. Pápá bọ́ọ̀lù àti ibi eré ni wọ́n ṣe sórí àwọn kan nínú wọn. Páínì àtijọ́ tí wọ́n tú lára ilé ìkẹ́rùsí oníyìnyín tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kan àwọn bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbin koríko irà oníyọ̀ sí etí omi. Omi òjò kì í kàn ṣàn dànù: ewéko inú ọ̀gọ̀dọ̀ á sẹ́ ẹ, á wọ táǹkì abẹ́ ilẹ̀, òun náà ni wọ́n tún ń fà jáde láti fi bomi rin igi.

Ìjì Sandy dán gbogbo rẹ̀ wò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Omi iyọ̀ bo ọgbà, ó ba wáyà iná jẹ́. Ṣùgbọ́n igi tó lè fara da iyọ̀ ni wọ́n gbìn, sínú yẹ̀pẹ̀ tí ń tètè gbẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló yè é.

Ohun tí ń jẹ owó ọgbà yìí jù kò sí lójú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó igi ló gbé àwọn èbúté náà dúró. Láyé àtijọ́, odò náà dọ̀tí débi pé kòkòrò tí ń jẹ igi ò lè gbébẹ̀. Lẹ́yìn òfin omi mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1972, odò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ẹja padà, kòkòrò náà sì bá wọn padà. Irú kan wà tó jọ ekòló, inú igi ló ń lu ihò sí. Òmíràn ń hó o láti ìta, ní ibi tí omi ti ń kún tó ń fà, títí òpó yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Ṣé ẹ rí nǹkan: omi mọ́, kòkòrò ń jẹ òpó. Àwọn òmùwẹ̀ ló ń wọlé lọ yẹ àwọn òpó náà wò, wọ́n á sì tún èyí tó bá ti bàjẹ́ ṣe.

Owó òpó yìí ni àwọn alákòóso ọgbà fi gbèjà ilé gogoro méjì tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Pier 6. Àwọn ará Brooklyn Heights pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n ní owó ti tó, ilé ti pọ̀ jù. Mi ò rí ẹ̀bi wọn, torí ẹni tó jà fún etí omi kò ní fẹ́ kí wọ́n fi ilé dí i padà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọn ì bá ṣe rí owó náà láìkọ́lé. Ilé ẹjọ́ dá àwọn alákòóso láre, wọ́n kọ́ ilé náà. Ní báyìí, ẹni tó bá ra yàrá olówó gegere níbẹ̀ ti dá sí owó òpó tó gbé ọmọ ọlọ́mọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Pier 5.