Ọwọ́ Ọmọdé Ni Ìwé Rẹ̀ Àkọ́kọ́

Bí Yorùbá bá ń kí ọmọ titun káàbọ̀ sí ayé, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń kí i. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọn a fi oyin kàn án létè, wọn a fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, wọn a sì fi omi tutù kàn án níwájú orí, àdúrà a sì máa tẹ̀lé ohun kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n dá àṣà yìí sílẹ̀ mọ̀ dájú pé ahọ́n àti awọ ara ni ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọ inú ayé. Kí ọmọ tó lè pe oyin lórúkọ, ahọ́n rẹ̀ ti mọ oyin.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò jìnnà sí èyí. Ó jẹ mọ́ eré tí òbí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè nínú ilé fún ọmọ tí kò ì tíì tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ í lọ: eré tí ọwọ́ ń fọwọ́ kàn, tí imú ń gbóòórùn, tí etí ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ojú sì ń wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé àṣà òyìnbó ni irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi olówó ńlá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ni ó kọ́ ta ni?

Ní ọdún 1837 ni Friedrich Froebel dá ilé eré àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó ń fún wọn ní bọ́ọ̀lù olówùú àti igi gígẹ́ láti máa fi ṣeré. Ní ọdún 1907 ni Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì, ṣí ilé ọmọdé tirẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Ó fi pákó tí ó dán àti èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, agogo olóhùn oríṣiríṣi, àti ègé aṣọ onírúurú kọ́ ọmọdé ní bí a ti ń fi ọwọ́ àti etí mọ ìyàtọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe, a kò lè gba iyì wọn lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó kò tí ì gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ Yorùbá ti ń po iyanrìn mọ́ omi bí ẹni ń ro ọkà. Ó ti ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kéékèèké, ó ti ń ta òkòtó lórí ilẹ̀ gbígbálẹ̀, ó sì ti ń fi ìka méjì ṣa kóró àgbálùmọ̀ jọ. Ọmọdé tí ó bá jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò ti fi ọwọ́ kan ihò 12 àti ọmọ ayò 48 kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìṣirò. Bí ó bá ti gbá ọmọ ayò 4 sínú ihò kan, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹẹ́rin jẹ́. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ẹ̀kọ́, nítorí pé agbolé fúnra rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà.

Bí ó ti rí ní Bárúwà lónìí

Ẹ wá bá mi dé Bárúwà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìpájà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, èyí tí ó fi í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà nínú ìkànìyàn ọ̀hún. Ibi tí oko àti igbó wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé. Ọ̀pọ̀ onílé ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ gbogbo àgbàlá, nítorí ẹrẹ̀ àti nítorí ọkọ̀. Ọmọ tí ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè pé ọdún mẹ́ta kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan erùpẹ̀. Kí ó má baà sunkún, a ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Fóònù náà ń fi ẹja hàn án, ṣùgbọ́n ẹja náà kì í yọ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ó ń fi iná hàn án, kò sì gbóná. Ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀, bí gíláàsì ni ó rí lọ́wọ́.

Omi pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ ní Bárúwà. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo ti jò láti inú ọ̀pá epo tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà kọjá, tí ó sì wọ inú omi ilẹ̀ lọ. Kànga tí onílé fi owó àti òógùn gbẹ́ di èyí tí omi inú rẹ̀ ń rùn bí epo pẹtiróòlù. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó pa kànga wọn tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi. Ẹ ò rí i pé imú ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn ará Bárúwà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 ẹ̀wẹ̀, ibùdó ìtajà gáàsì ìdáná kan bú gbàmù ní òpópónà Candos ní Bárúwà kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ sì jóná. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan. Ńṣe ni àwọn tí ń pèsè rẹ̀ ń fi òórùn burúkú kan kún un, kí imú lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Nítorí náà, ọmọ tí a ti kọ́ ní òórùn ohun inú ilé, tí ó sì lè sọ pé, "Mọ́mì, mo ń gbóòórùn kan tí kì í ṣe ti ọbẹ̀," ti di olùṣọ́ ilé. Ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni a ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tí ń kú láti ọwọ́

Ẹ̀yin tí ẹ bá fetí sí Yorùbá dáadáa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, gbọ́, ni a ń lò fún ohùn, fún òórùn, àti fún èdè. A ń gbọ́ ìlù, a ń gbọ́ òórùn efinrin, a sì ń gbọ́ Yorùbá. Ó dà bí ẹni pé èdè wa gbà pé imú àti òye kò jìnnà síra wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ aláwòmọ́ tí ó kún inú èdè wa ṣe rí. Èlùbọ́ a máa kúnná lúbúlúbú. Òwú a máa rọ̀ múlọ́múlọ́. Ọṣẹ a máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ekuru kale a máa le koko. Omi àmù a máa tutù nini. Bí nǹkan róbótó bá kéré, ohùn òkè ni a fi ń pè é, a ó ní ó rí rógódó. Bí ó bá tóbi, ohùn náà a sọ̀ kalẹ̀, a ó ní ó rí rògòdò. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó lè fi lúbúlúbú yé ọmọ tí kò fi ọwọ́ kan èlùbọ́ rí. Ọwọ́ ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnu tó gbà á. Bí ọwọ́ ọmọ bá ṣófo, ọ̀rọ̀ náà yóò kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá àti bàbá ọmọ náà ń sọ Yorùbá sí ara wọn lójoojúmọ́. Ewu tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà pé ó ju ewu pé aṣọ ọmọ yóò dọ̀tí lọ.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù pé bí eré ọmọ bá jẹ́ ti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò gbẹ́yìn. Ẹ rántí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún 6 tí wọ́n lò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí a lè ṣe nínú ilé

Èkíní ni iyanrìn. Ẹ bu iyanrìn odò díẹ̀, ẹ fi ajọ̀ kù ú, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, ẹ sì sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Ẹ dà á sínú bàsíà gbígbòòrò, kí ẹ sì ri ìkarahun ìgbín tí a ti sè tí a sì ti fọ̀, ṣíbí àti ọmọrí agolo mọ́ inú rẹ̀. Kí ọmọ máa wá a pẹ̀lú ojú dídì, kí ó sì máa sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kí ó tó yọ ọ́ jáde. Ní Bárúwà, ẹ má ṣe wa erùpẹ̀ ibi tí epo ti rin ilẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ṣe. Òjé inú erùpẹ̀ ni ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010.

Èkejì ni agolo olóhùn. Ẹ wá agolo mílíìkì 6 tí etí wọn kò mú. Ẹ di ohun kan náà sínú méjì-méjì: òkúta wẹ́wẹ́ sínú méjì, kóró àgbálùmọ̀ sínú méjì, iyanrìn sínú méjì tí ó kù. Ẹ lẹ ẹnu wọn pinpin. Kí ọmọ máa mì wọ́n, kí ó sì fi etí so ìbejì pọ̀ mọ́ ìbejì.

Ẹ̀kẹta ni àpò òórùn. Ẹ gé àkísà àǹkárá, ẹ di efinrin sínú ọ̀kan, irú sínú èkejì, èèpo ọsàn gbígbẹ sínú ẹ̀kẹta, àlùbọ́sà sínú ẹ̀kẹrin. Ẹ fi gèlè di ọmọ lójú bí ẹni ń ṣe bojúbojú, kí ó sì dárúkọ èyí tí ó bá gbóòórùn rẹ̀: èwo ni ó ta sánsán, èwo ni ó ń bú tìì?

Ẹ̀kẹrin ni omi. Bàsíà omi kan, igbá kékeré, kàn-ìn-kàn-ìn, òkúta àti ike ìmumi ti tó. Kí ọmọ wò ó, èwo ni ó léfòó, èwo ni ó rì, èwo ni ó mu omi tí ó sì wúwo? Omi tí ó mọ́ tí kò sì ní òórùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi imú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀karùn-ún ni èèrí ògì, èyí tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà kò fẹ́ kí ọmọ máa fi oúnjẹ ṣeré, wọ́n sì jàre, pàápàá ní àkókò tí ìrẹsì gbówó lérí báyìí. Ilé ìwé tí ń da ìrẹsì àti ẹ̀wà sílẹ̀ kí ọmọdé máa fi wọ́ ilẹ̀ kò kọ́ ọmọ ní ìwà. Ṣùgbọ́n èèrí tí a ti sẹ́ kúrò lára ògì kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn mọ́, ti ewúrẹ́ ni. Ọmọ lè fún un, kí ó pọ̀n ọ́n bí òkèlè, kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ó gbọ́ bí ó ti kan ní imú. Bí eré bá parí, ẹ gbé e fún ewúrẹ́ àdúgbò. Báyìí, ọmọ ti ṣeré, a kò sì fi oúnjẹ ṣòfò.

Ìkìlọ̀ fún àgbà

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, ẹnu ni ó fi ń mọ ohun gbogbo. Ẹ má ṣe fi kóró tàbí òkúta sílẹ̀ fún un, nítorí pé ó lè há a lọ́fun tàbí kí ó tì í bọ imú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bátìrì kékeré inú aago tàbí ohun ìṣeré wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, nítorí bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o nínú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nídìí bàsíà omi láti lọ dá ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn lóhùn. Omi díẹ̀ ti tó láti pa ọmọ kékeré. Ẹ da omi náà nù ní kété tí eré bá parí.

Àwọn ìyá kan yóò sọ pé àwọn kò ní àyè, pé láti Bárúwà dé ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Erékùṣù Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí péré, nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí a bá ń sẹ́ ògì, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà kún sí jù lọ. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ jókòó ti ọmọ, kí ẹ jọ mi agolo.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ọmọ yín bá fọwọ́ kan èlùbọ́ lónìí, ẹ má kàn gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ bi í léèrè bí ó ti rí, ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ náà: lúbúlúbú.