Bọ́ọ̀lù Wọlé, Ṣé Góòlù Ni? Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lẹ́nu Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Eré Ìdárayá: Àpẹẹrẹ Bouaké, 2024

1.0 Ìfáárà

Ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2024, ikọ̀ Super Eagles ti Nàìjíríà àti ikọ̀ Bafana Bafana ti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní pápá ìṣeré Stade de la Paix ní ìlú Bouaké, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ní ìṣẹ́jú 67, balógun ikọ̀ Nàìjíríà, William Troost-Ekong, gbá pẹnáritì wọlé. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Victor Osimhen tún gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ìdùnnú sì ṣubú lu ayọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ VAR ní kí rẹfirí wá wo àwòrán. Àwòrán náà fi hàn pé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò ní ìhà ilé Nàìjíríà rárá, Alhassan Yusuf ti ṣẹ Percy Tau nínú àpótí pẹnáritì. Rẹfirí fagi lé góòlù Osimhen, ó fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnáritì, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 90. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní 2-0 di 1-1.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wá ìdáhùn sí kò ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: kí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń fi èdè Yorùbá ròyìn irú eré bẹ́ẹ̀ lè sọ láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, tí kò fi ní di irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu? Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà gbé e lẹ́yìn eré náà pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wò ó. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbólóhùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló fà á, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ tí a ń jù sí afẹ́fẹ́ ní irú àkókò yẹn ti wúwo tó.

Bouaké kì í ṣe ìlú àjèjì sí etí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Nínú ìdíje ọdún 1984, ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti kojú Gánà, Algeria àti Malawi. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 sọ ìlú náà di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayò tí Côte d'Ivoire fi 5-0 na Madagascar níbẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2007, lẹ́yìn tí Didier Drogba ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀, fi kọjá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago ní orílẹ̀-èdè náà, ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì pọ̀ láàárín wọn. Nínú ilé Anago kan, ó ṣeé ṣe kí Faransé máa ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán jáde, kí Yorùbá sì máa ti inú fóònù jáde, kí àwọn méjèèjì máa ròyìn bọ́ọ̀lù kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjèèjì yóò ṣàkíyèsí pé wọn kì í sọ ohun kan náà ní àkókò kan náà.

2.0 Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní atọ́ka

Charles Ferguson, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1983 lórí bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá ṣe ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí àwọn àbùdá kan: wọ́n máa ń gé gbólóhùn kúrú, wọ́n máa ń yí ipò olùwà padà kí orúkọ agbábọ́ọ̀lù lè gbẹ̀yìn, wọ́n máa ń kó ọ̀rọ̀ àpèjúwe jọ yí orúkọ ká, wọ́n sì máa ń lo àsìkò ìsinsìnyí fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kókó tó kan Yorùbá jù. Ní ti àpèjúwe tó yí orúkọ ká, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ẹni tó ń kígbe oríkì. Nígbà tí Ernest Okonkwo ń pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical" àti Christian Chukwu ní "Chairman" lórí rédíò, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oríkì ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Ní ti kí orúkọ gbẹ̀yìn, Yorùbá kò nílò ìyípadà ipò kankan, "bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀..." ti tó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè dá agbábọ́ọ̀lù náà mọ̀, kó tó wá fi "Lookman" parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló le. Àpẹẹrẹ tí a ṣe fún àlàyé ni (1):

(1) Osimhen gba bọ́ọ̀lù, ó yí padà, ó gbá a.

Gbólóhùn yìí lè jáde lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ojú-ẹsẹ̀. Ó sì lè jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, láìyí ohùn kan padà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀: akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kọ ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ lánàá gbọ́dọ̀ pa àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe dà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé Yorùbá kò ní àsìkò rárá, pé ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ ló ní. Àwọn mìíràn pín in sí ọjọ́ iwájú àti èyí tí kì í ṣe ọjọ́ iwájú. Èyí ó wù kó jẹ́, gbogbo wọn gbà pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tọ́ka sí ìṣe bá dá dúró láìní atọ́ka, ohun tí olùgbọ́ yóò lóye ni pé ìṣe náà ti wáyé. "Ó gbá a" kò lè túmọ̀ sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbá a tàbí pé ó ń gbá a lọ́wọ́.

Nítorí náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń wà ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí eré bá ń falẹ̀, "ń" ni yóò máa lò: "Lookman ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń wo iwájú." Bí nǹkan bá gbóná, "ń" a pòórá, ọ̀rọ̀-ìṣe adáwà a gba ipò rẹ̀. Olùgbọ́ tí kò kọ́ gírámà rí mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná máa ń sáré jáde nígbà tí "ń" bá dáwọ́ dúró. Ìyípadà yìí yẹ ní àyẹ̀wò ju iye ọ̀rọ̀ àyálò inú ìròyìn eré lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń kà.

3.0 Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ìdúró

Yorùbá ní ọ̀nà kan láti dá ọ̀rọ̀ dúró sẹ́nu. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(2a) Ó gbá a... wọlé!
(2b) Ó gbá a... lu òpó!
(2c) Ó gbá a... fò kọjá!

Nínú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, "gbá" sọ ohun tí ẹsẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù já sí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè fa "a" náà gùn títí bọ́ọ̀lù yóò fi pinnu ibi tó ń lọ. Kò tíì purọ́, nítorí pé òótọ́ ni pé ó gbá a; kò sì tíì parí gbólóhùn. Bí ó bá kánjú pín in sí méjì, "Ó gbá a. Ó wọlé," ẹni tí kò rí àwòrán lè máa ṣiyèméjì fún ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá bóyá agbábọ́ọ̀lù ló wọlé tàbí bọ́ọ̀lù. Àsínpọ̀ kò fàyè gba ìṣiyèméjì yìí.

Ìdúró tí èdè fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ àti èkejì ni ààyè rẹ̀ wà. VAR kì í dé síbẹ̀. Ẹ̀yìn "wọlé" ló máa ń dé, nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tó ń ròyìn.

4.0 "Wọlé" àti "góòlù ni"

Ibí ni ọ̀rọ̀ Bouaké ti wúlò jù. Ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe ni "wọlé"; ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀ ni "góòlù". Ìyàtọ̀ náà hàn bí a bá gbìyànjú láti sẹ́ ọ̀kan láì sẹ́ èkejì:

(3) Bọ́ọ̀lù wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe góòlù.
(4) *Góòlù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe góòlù.

Kò sí àléébù nínú (3). Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ní Bouaké nìyẹn: bọ́ọ̀lù Osimhen wà nínú àwọ̀n, kò sì sí VAR tó lè mú un jáde padà kó máa wí pé kò wọ ibẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fagi lé ni orúkọ tí wọ́n fún un. J. L. Austin, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1962, ya àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìdájọ́ sọ́tọ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́ eré mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ olùwòran nípa ohun kan náà lè bá ti adájọ́ mu tàbí kó takò ó, ṣùgbọ́n ti adájọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ yóò gbà. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ "góòlù ni!" jẹ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kígbe rẹ̀ kí rẹfirí tó fọwọ́ sí i ti gorí àga tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí VAR tó dé, àṣìṣe yìí kì í pẹ́ lẹ́nu. Asíá olùrànlọ́wọ́ rẹfirí máa ń sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. VAR wọ inú òfin bọ́ọ̀lù ní 2018. Ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 2019 lò ó láti ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ìdíje tó wáyé ní oṣù kìíní àti ìkejì ọdún 2022 sì lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà náà ni àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń dá asíá wọn dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá lè di góòlù, kí wọ́n má baà pa á láìnídìí. Àárín "wọlé" àti "góòlù" ti wá fẹ̀ tó ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì sí ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ fi kún un ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Àwọn kan fẹ́ kí "ayò" tàbí "àmì ayò" rọ́pò "góòlù" nítorí pé àyálò ni. Ìfẹ́ èdè ló mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára. "Ayò" ti jẹ́ eré fúnra rẹ̀, kò sì ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ bí "góòlù" ṣe yà á. Ó tún ní ohun mìíràn: a máa ń sọ pé ikọ̀ kan "jẹ góòlù", bí ẹni tó ń ta ayò ṣe ń jẹ ọmọ ayò. Ọmọ ayò tí ẹnìkan bá ti jẹ nídìí ọpọ́n kì í padà sójú ọpọ́n títí ọ̀tá yẹn yóò fi parí. "Wọ́n jẹ góòlù" ti gbé góòlù náà mì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá lò ó kí rẹfirí tó tọ́ka sí àárín pápá yóò ní láti bì í padà.

Bí wọ́n ṣe ń bì í padà náà kò rọrùn. Gbólóhùn tó wọ́pọ̀ ni "wọ́n ti fagi lé e". Ta ni "wọ́n"? Gírámà kò béèrè. "Wọ́n" aláìtọ́ka-sẹ́nì-kan ni Yorùbá ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi olùṣe pamọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Olùgbọ́ tí inú ń bí ló máa ń béèrè, òun náà ló sì máa ń dáhùn: àwọn òṣìṣẹ́ VAR, àwọn aláṣẹ ìdíje, àwọn tí kò fẹ́ kí Nàìjíríà borí. Láti "wọ́n ti fagi lé e" dé "wọ́n ti rẹ́ wa jẹ", ìrìn náà kò jìnnà. "Rẹfirí fagi lé e, nítorí pé Yusuf ti ṣẹ Tau" gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ní olùwà, ó sì ní ìdí.

5.0 Ẹ̀yìn eré

Akọ̀ròyìn tó ń kọ̀wé kò ní ìṣòro yìí, nítorí ó ti mọ òpin kó tó bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ wà nínú àkọlé. Ìṣẹ́jú 120 parí sí 1-1 ní Bouaké. Stanley Nwabali mú pẹnáritì méjì, Kelechi Iheanacho gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, Nàìjíríà sì yege pẹ̀lú 4-2. "Nàìjíríà fàgbà han Gúúsù Áfíríkà" ni irú àkọlé tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, pẹ̀lú "ó gbo ewúro sí i lójú". Ibi ìjà àti ìjàkadì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wúlò, níbi tí ẹ̀yìn ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n bá 5-0 ti ọdún 2007 mu dáadáa. Ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀mì sì ni ìwé àkọsílẹ̀ pè é kí pẹnáritì tó yà wọ́n. "Nàìjíríà fi pẹnáritì yege" kò dùn tó bẹ́ẹ̀ létí, òun ló sì jẹ́ òótọ́.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó bá fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn yóò ṣe dáadáa bí ó bá gbé ohùn wọn fúnra wọn lọ bá wọn. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé báwo ló ṣe ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò sọ ohun tí ilé-ìwé kọ́ ọ. Bí a bá jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀ ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà nínú àwọ̀n tí rẹfirí sì ń rìn lọ wo àwòrán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìdí tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀, ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ẹ jẹ́ ká wò ó ná", àti ìgbà tó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé góòlù náà ti lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n máa ń gé dànù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àkójọ ìran tó dùn jù fún ìròyìn alẹ́: góòlù tó dúró ni wọ́n ń tọ́jú, èyí tí wọ́n fagi lé kì í rí ààyè, igbe tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ké sí i a sì bá a lọ. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Kétu bá ṣì ní ohùn ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2024 lódindi, láìgé, ìyẹn ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ lọ tọrọ.