Ìdí Tí Màmá Kì Í Fi Ẹ̀rọ Ìránṣọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston àti ìyá wọn tó wà ní Agége. Ọmọ á ní kí Màmá ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, kó wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọọmọ rẹ̀. Màmá á ní òun ti gbọ́, òun ń bọ̀. Tó bá wá dé ọ̀hún, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa béèrè iye ọjọ́ tó kù kí òun padà. Àwọn ọmọ á rò pé òtútù ni kò bá a lára mu. Ẹlòmíì tilẹ̀ máa ń rò ó sínú pé Màmá fẹ́ràn iṣẹ́ ju ọmọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì fẹ́ la ìdí rẹ̀ yé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, torí àìmọ̀ rẹ̀ ti dá ìbànújẹ́ tí kò nídìí sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ iṣẹ́ ni Ìkẹjà àti Agége. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Guinness ń pọn ọtí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Cadbury tẹ̀ lé e ní 1965, Dunlop ń ṣe táyà, Nigerian Textile Mills sì ń hun aṣọ ní òpópónà Ọba Àkran. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn ló fi Agége ṣe ibùgbé, torí reluwé gba ibẹ̀ kọjá, owó ilé kò sì wọ́n bíi ti Ìkẹjà. Ọkọ á lọ sí ṣíìfìtì, ìyàwó á gbé ẹ̀rọ Singer tàbí Butterfly síwájú ilé. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìhunṣọ tilẹ̀kùn, Dunlop kò sì ṣe táyà níbẹ̀ mọ́ láti 2008. Ẹ̀rọ iwájú ilé yẹn ló wá di agbọ́bùkátà. Òun ló san owó WAEC, òun ló san owó físà àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní kí Màmá tà á, bí ẹni tó ní kó ta ara ilé ni.

Owó ara rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa, obìnrin kì í jókòó de ọwọ́ ọkọ. Ó ní òwò tirẹ̀, ó ń dá àjọ, ó ń kó èésú, ó mọ iye tó wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Kò sì fẹ́ jókòó de ọwọ́ ọmọ náà. Bẹ́ ẹ bá fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, yóò gbà á, yóò sì ṣàdúrà tó dénú fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá àgbà ní orúkọ tirẹ̀ tó máa pe ọmọ náà, yóò sì ju owó sínú àwo kó tó pè é. Ta ló máa gba owó lọ́wọ́ bàbá ọmọ, kó tún fi owó kan náà sọ ọmọ lórúkọ? Màmá fẹ́ fún ọmọọmọ rẹ̀ ní nǹkan tó ti ọwọ́ òun wá. Bẹ́ ẹ bá mú iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti mú ọ̀nà tó ń gbà fúnni ní nǹkan kúrò nìyẹn.

Èyí tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ láti gbà ni ti oníbàárà. Aṣọ tó kún ṣọ́ọ̀bù Màmá, aṣọ olóhun ni. Obìnrin kan gbé lésì wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹbí kan kó àǹkárá ogún ènìyàn wá fún ìsìnkú bàbá wọn. Ọjọ́ ìnáwó kò ṣeé sún síwájú torí pé aránṣọ rìnrìn-àjò. Ẹni tí aṣọ ẹbí rẹ̀ kò bá jáde lọ́jọ́ náà, kò mọ ojú tí yóò fi wọ àárín èrò, torí aṣọ yẹn ni ẹ̀rí pé ó bá ẹbí náwó, ó bá wọn ṣọ̀fọ̀, tàbí ó bá wọn yọ̀. Aránṣọ tó bá já ènìyàn kulẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti Ìpódó dé Pẹ́ẹ̀nì Sínímà ni wọ́n ti máa gbọ́. Kí Màmá tó mú ọjọ́ ìrìn-àjò, ìwé tó kọ ọjọ́ ìnáwó àwọn oníbàárà sí ló máa ṣí wò.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà rẹ̀ wé tiyín. Láti Oṣù Kẹ̀wàá títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, télọ̀ Agége kì í róorun sùn. Àsìkò yẹn gan-an lẹ̀yin máa ń ní kó wá, kí àwọn ọmọ lè rí Gírámà nígbà ọdún. Iléyá náà ń bẹ, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Agége. Iléyá kì í dúró sójú kan, nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 16 Oṣù Kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 6 Oṣù Kẹfà. Ó ń jìnnà sí ìsinmi gígùn àwọn iléèwé Ìlú Ọba, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Keje. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún yín ní àwọn ọdún tó ń bọ̀ yìí. Bí ariwo Iléyá bá ti rọlẹ̀, ọwọ́ Màmá á dilẹ̀ díẹ̀ kó tó di pé yunifọ́ọ̀mù iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Oṣù Kìíní náà dára, torí owó ti tán lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ìnáwó sì dín kù. Ẹ ṣáà ra kóòtù tó nípọn dè é.

Bó bá sì máa lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Òbí wọn ti bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì ti san owó ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó bá lọ fún oṣù mẹ́fà láìfi ẹni tó mọṣẹ́ dípò, gbèsè oṣù mẹ́fà ló jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ojú sì máa tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fúrídọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìparí ìkọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń bá a lórí fídíò WhatsApp ní pálọ̀ yín, tó ń sọ fún ẹnì kan ní Agége pé ọrùn búbá yẹn ti fẹ̀ jù, tí ọmọ yín sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀já lẹ́yìn àti iṣẹ́ níwájú. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, bí wọ́n ṣe ń báni wí láìbúni, kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo gbàgbọ́ pé èdè tó ti ẹ̀yìn ìyá wọlé sí ọmọ létí pọ̀ ju èyí tí ẹ lè fi ìwé kọ́ ọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ìbora alábùlẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ Màmá àti ọmọọmọ ti pàdé. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àpò ìrẹsì kan máa ń wà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Ègé aṣọ ló kún inú rẹ̀: etí lésì, ìdí àǹkárá, ìrépé dámáàsìkì, àdìrẹ tí kò tó aṣọ ọmọdé. Àwọn kan máa ń kì í sínú tìmùtìmù, àwọn kan á dà á nù. Màmá tó ní ọmọọmọ lókè òkun máa ń ṣa tirẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tó láwọ̀ aró yìí, òun ni ẹbí wọ̀ níbi ìgbéyàwó yín. Aláwọ̀ ewé yìí, ti ìsìnkú bàbá àgbà ni. Èyí tó ní ẹyẹ lára, ọdún tí ìyá àgbà kejì pé àádọ́rin ni wọ́n rà á. Yóò fi páálí wọn wọ́n, yóò gé wọn sí igun mẹ́rin tó tó àtẹ́lẹwọ́, yóò lọ̀ wọ́n, yóò tò wọ́n sórí ẹní. Kò ní í rán an lọ́jọ́ náà. Yóò máa pààrọ̀ wọn, yóò fi pupa jìnnà sí pupa, títí ojú rẹ̀ yóò fi gbà á. Lẹ́yìn náà ni yóò rán ègé mọ́ ègé, ìlà mọ́ ìlà. Kì í ra fóòmù sínú rẹ̀. Ìró àtijọ́ kan tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ ló máa tẹ́ sáàárín, torí kì í mú ọmọ làágùn, ó sì tètè ń gbẹ. Aṣọ aláwọ̀ kan ló máa fi ṣe ẹ̀yìn. Yóò wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti etí dé etí, kí ti inú má baà ká jọ sí apá kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́.

Irú iṣẹ́ yìí ti sọ àwọn obìnrin dúdú kan di olókìkí ní Amẹ́ríkà. Ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, aṣọ oko tó ti gbó àti ègé aṣọ ni wọ́n fi ń rán ìbora láti ìran dé ìran. Ní 2002, ilé ọnà ńlá kan ní Houston pàtẹ iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ náà tún dé ilé ọnà Whitney ní New York. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí Gírámà gbé wá láti Agége kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ.

Ní ilẹ̀ tiwa, ara eégún ni aṣọ alábùlẹ̀ ti gbayì jù. Ilé tó ní eégún kì í ju aṣọ rẹ̀ àtijọ́ nù. Bí ọdún bá dé, wọ́n á mú aṣọ tuntun wá, wọ́n á rán an mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ilé ọnà Brooklyn ní New York ṣe ìpàtẹ odindi kan lórí eégún kan ṣoṣo tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Màmá lè jẹ́ Àlàájà, ó sì lè jẹ́ ìyá ìjọ tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ eégún sétí. Síbẹ̀, ohun kan náà ló wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì: aṣọ tí ẹbí jọ wọ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́ nígbà tí ìnáwó bá ti kọjá.

Ẹ ó rí àgbà mìíràn tí inú rẹ̀ kò ní í dùn láti rí ìkókó nínú aṣọ alábùlẹ̀. Ẹ má pè é ní aláìlajú. Nígbà tí àbíkú ń dààmú àwọn ìyá, wọ́n máa ń sọ ọmọ ní Àkísàátán, pé kò tún sí àkísà tí wọn yóò fi sin ín. Ẹni tó bá jí sáyé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní í fẹ́ kí aṣọ gbígbó sún mọ́ ọmọ tuntun. Nítorí èyí, ègé tuntun tó já bọ́ lẹ́nu àlùmọ́gàjí ni aránṣọ tó mọwọ́ máa ń lò fún ojú aṣọ. Ìró inú rẹ̀ nìkan ló ti gbó, ìyẹn sì ni Màmá fi pọn ẹ̀yin.

Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, iṣẹ́ ló wá ṣe níbẹ̀ náà. Yóò gbé omi gbígbóná fún ìyá ọlọ́mọ, yóò wẹ ọmọ, yóò fi òrí pa á lára, yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá tuntun á rí oorun sùn, á sì rí bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ mú láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti gbó díẹ̀, tí gbogbo yín jáde lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀, Màmá á wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn. Ní Agége, ojú ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò kí i. Ohun tó ń wá nígbà tó bá ń ka ọjọ́ nìyẹn. Ẹ wá ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kan sí yàrá rẹ̀, kó lè rán nǹkan ọmọ. Àmọ́ ẹ má wá oníbàárà fún un ní Peckham. Físà ìbẹ̀wò Ìlú Ọba, tó máa ń fúnni ní oṣù mẹ́fà, kò gba àlejò láyè láti ṣiṣẹ́ owó, kò sì yẹ kí aṣọ ọ̀rẹ́ kan ba ìrìn-àjò tó ń bọ̀ jẹ́. Lójú tèmi, oṣù mẹ́ta tó kún fún ọmọ sàn fún un ju oṣù mẹ́fà tó kún fún ìdákẹ́jẹ́ lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti le gan-an láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023, nítorí náà, bí ó bá wá lọ́dún yìí, kí ẹ̀yin náà kó àwọn ọmọ wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá sì kó wọn wá, ẹ má fi wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì ní GRA Ìkẹjà kí ẹ máa gbé wọn wá kí Gírámà fún wákàtí kan. Kí wọ́n sùn sílé rẹ̀. Ẹ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti Agége dé Ìkẹjà, ó ti ń kó èrò láti Oṣù Kẹ̀wàá 2024. Lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọmọdé pọ̀ níbẹ̀: wọ́n lè fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa píìnì nílẹ̀, wọ́n lè ya bọ́tìnì sọ́tọ̀, wọ́n lè kúnlẹ̀ kí oníbàárà pé ẹ káàbọ̀ mà. Màmá á pè wọ́n kí wọ́n bá òun fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì ríran dáadáa, torí ọmọ tó bá ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ kò ní í lè jìnnà sí i. Èyí tó bá ti tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ nínú wọn, yóò fún un ní ègé mẹ́rin kó rán wọn pọ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní í tú u bó bá wọ́. Yóò fi kún ìbora tó kàn, kẹ́ ẹ yáa fi àyè sílẹ̀ nínú báàgì kílò 23 yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà lọ.