Ta Ni Yóò Kojú Ta? Ìdíje Eré Ìdárayá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Adja-Ouèrè

Ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń tẹ̀lé ààlà tí ìjọba là sílẹ̀ fún àbójútó ìlú. Kíláàsì á kọ́kọ́ bá kíláàsì figagbága. Lẹ́yìn náà, ilé-ẹ̀kọ́ á kojú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nínú kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) kan náà. Ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ á lọ ṣojú kọ́múùnù rẹ̀ ní ìpele ìpínlẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yan àwọn tí yóò dé ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Àjọ tó ń bójú tó ètò yìí ni Office Béninois du Sport Scolaire et Universitaire, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OBSSU. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire, OISSU ni tiwọn. Ó wà ní Sẹ̀nẹ̀gàl pẹ̀lú, níbi tó ti ń jẹ́ UASSU. Nítorí náà, bí ìjọba bá yí ààlà ìpínlẹ̀ padà, ó ti yí àwọn tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa bá díje padà nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ronú kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí wọ́n fa ìlà náà.

Adja-Ouèrè jẹ́ ọ̀kan nínú kọ́múùnù márùn-ún tó wà ní ìpínlẹ̀ Plateau. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Ifangni, Sakété, Pobè àti Kétu. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé àwọn olùgbé Adja-Ouèrè lé ní 115,000. Ẹkùn mẹ́fà ló pín sí: Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, Ikpinlè, Kpoulou, Massè, Oko-Akarè àti Tatonnonkon. Nàgó, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, pọ̀ níbẹ̀, Họ́lí wà níbẹ̀, Fọ̀n àti Gùn náà ń bá wọn gbé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àti ọ̀pẹ tó gba ilẹ̀ pupa àgbègbè náà kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n ń pè ní CEG wà ní olú-ìlú kọ́múùnù, ó wà ní Ikpinlè, ó sì wà ní Massè. Nínú ọgbà irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni pápá ìṣeré sábà máa ń wà, ilẹ̀ pupa gbalasa tó ń di eruku nígbà ọyẹ́, tó sì ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti dé.

Ẹni tó bá rò pé eré lásán ni ọ̀rọ̀ yìí kò mọ bí ilé-ẹ̀kọ́ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Eré ìdárayá wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ìdánwò BEPC, tó ń parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní girama, àti nínú ìdánwò Bac tó ń parí ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò lè sáré, tí kò lè fò, yóò pàdánù máàkì tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní INJEPS, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún eré ìdárayá tó wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ìdí nìyí tí olùkọ́ ìlú kékeré fi ń mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá kí ìdíje kankan tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ń sáré níwájú rẹ̀ nítorí máàkì, lójú ibẹ̀ ló sì ti ń ṣa ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ.

Nínú gbogbo àtúnpín tó ti kan Adja-Ouèrè, èyí tó tóbi jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Kí ọdún náà tó dé, ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré ló wà ní Bẹ̀nẹ̀: Atacora, Atlantique, Borgou, Mono, Ouémé àti Zou. Abẹ́ Ouémé ni Adja-Ouèrè wà, Àjàṣẹ́ sì ni olú-ìlú rẹ̀. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 sọ ìpínlẹ̀ mẹ́fà di 12, ó sì yọ Plateau kúrò lára Ouémé. Orí ìwé ni ìyípadà náà kọ́kọ́ wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì kan náà tó wà ní Àjàṣẹ́ ló ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ Ouémé àti Plateau pọ̀. Ọdún 2016 ni ìjọba tó yan préfet, ìyẹn aṣojú ìjọba tó ń darí ìpínlẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìpínlẹ̀ 12 wọ̀nyí, tí Pobè sì wá di ibùjókòó Plateau gan-an.

Fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ohun tí èyí túmọ̀ sí tóbi. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè. Níbẹ̀ ni Lycée Béhanzin wà, ilé-ẹ̀kọ́ àtayébáyé tó ń jẹ́ Victor Ballot láyé àwọn Faransé, níbẹ̀ náà sì ni INJEPS tó ń tọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá wà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ láti ṣa ẹgbẹ́ jọ nínú wọn, ó sì ní pápá tó dára nítòsí. Bí ẹgbẹ́ láti Adja-Ouèrè bá gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá kó tó dé ìdíje orílẹ̀-èdè, ọ̀nà náà há. Lẹ́yìn àtúnpín, àwọn aládùúgbò ni alátakò: Pobè, Sakété, Ifangni, Kétu. Ìlú ọjà àti ìlú àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, agbára wọn kò sì jìnnà síra púpọ̀. Àwọn kan lè sọ pé ọmọ tí kò bá bá akọni wọ̀jà kò lè di akọni, pé bíbá ìlú ńlá díje ló ń fún ọmọ ìlú kékeré ní ìrírí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá lé wálé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò rí ìrírí púpọ̀ kó. Àǹfààní àtúnpín náà pọ̀ ju àdánù rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ààlà tí wọ́n fà nítorí owó orí àti ìwé ìbí kò lè bá eré ìdárayá mu pátápátá. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, Adja-Ouèrè bá Bonou pààlà, ṣùgbọ́n Ouémé ni Bonou wà. Ní àríwá, ìlú Kétu jìnnà, ṣùgbọ́n Plateau kan náà ni ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn kọ́múùnù náà yóò rìn jìnnà kó tó bá ọmọ Kétu díje lábẹ́ òfin, nígbà tí ọmọ Bonou tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ará òde sí i. Kétu sì ni kọ́múùnù tó fẹ̀ jù lọ ní Plateau, olùgbé rẹ̀ lé ní 150,000 nínú ìkànìyàn 2013. Ìsọ̀rí tó fẹ̀ báyìí ń fẹ́ àbójútó.

Ìrìn àjò ni ìnáwó tó wúwo jù. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan kò lè lọ pẹ̀lú ẹni mọ́kànlá nìkan. Àwọn àfidípò wà, olùkọ́ wà, ẹni tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹgbẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí zémìdjan méjì, ìyẹn alùpùpù akérò, lè kó. Ọkọ̀ ni wọn yóò háyà, wọn yóò bọ́ àwọn ọmọ, wọn yóò sì dá wọn padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìdílé tó ń retí owó àgbàdo àti epo pupa, owó tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún ní kí wọ́n dá kì í rọrùn láti rí. Ìdí nìyí tí ìjìnnà fi yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń pín ìsọ̀rí máa wò, ṣáájú orúkọ ìpínlẹ̀.

Àtúntò kejì dé ní ìparí àwọn ọdún 2010, nígbà tí ìjọba Patrice Talon dá ètò «classes sportives» sílẹ̀, lásìkò tí Oswald Homéky jẹ́ mínísítà eré ìdárayá. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní àwọn kọ́múùnù kan, ó sì tàn dé gbogbo kọ́múùnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ń ṣa ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó lẹ́bùn jọ láti ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi, wọ́n ń fi wọ́n sábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ìjọba ń san owó fún, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, hándíbọ́ọ̀lù, básíkẹ́ẹ̀tì àti eré sísá láìjẹ́ kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí ètò yìí yí padà jinlẹ̀ ju ti ààlà lọ: kọ́múùnù ló ń díje nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Massè àti ọmọ Ikpinlè tí wọ́n jẹ́ alátakò tẹ́lẹ̀ lè wọ aṣọ kan náà. Kọ́múùnù kékeré tó ní ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ lè fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ ẹgbẹ́ kan tó lágbára.

Ewu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Bí gbogbo ìtọ́jú bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọ tí wọ́n ṣà, àwọn yòókù tó wà ní CEG wọn yóò di òǹwòran. Ìdíje láàárín ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gba àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kú. Ẹ̀bùn pàápàá kì í wo bí ìlú ṣe tóbi tó. Noélie Yarigo, tó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú eré sísá mítà 800 ní ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow ní ọdún 2024, ọmọ Matéri ni, kọ́múùnù kan ní Atacora tó jìnnà sí Kútọnu ju Adja-Ouèrè lọ fíìfíì.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ètò mìíràn ni wọ́n ń lò láti pín ilé-ẹ̀kọ́ sí ìsọ̀rí. University Interscholastic League, UIL, ni àjọ wọn. Ní ọdún méjì-méjì ni UIL ń tún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama pín. Ilé-ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àjọ náà á wá fi iye yẹn tò wọ́n sí ipò mẹ́fà, láti 1A tó kéré jù dé 6A tó tóbi jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń wo àwòrán ilẹ̀, kí àwọn tó wà ní ipò kan náà tí wọ́n sì súnmọ́ra lè wà ní ìsọ̀rí kan. Oṣù kejì ni wọ́n ń kéde rẹ̀, gbogbo ìlú kéékèèké a sì máa dúró dè é bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò, torí alátakò tí wọ́n ti ń bá díje láti ìgbà àwọn bàbá wọn lè bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn lójijì.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà lọ́wọ́ wọn tó wúlò fún ìgbèríko. Ní ọdún 1934, Stephen Epler, olùkọ́ kan ní Nebraska, ṣẹ̀dá irú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ènìyàn mẹ́fà péré ń gbá dípò mọ́kànlá, kí ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan lè ní ẹgbẹ́. Texas ń lò ó títí di òní fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò tó 105. Wọ́n dín eré náà kù kó bá ìlú mu, wọn kò ní kí ìlú kékeré na ara rẹ̀ kọjá agbára. Ní Adja-Ouèrè, kò sídìí láti ṣẹ̀dá eré tuntun. Ẹni méje ló ń wọ pápá nínú hándíbọ́ọ̀lù, márùn-ún nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ṣoṣo sì tó nínú eré sísá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí kò lè kó ọmọbìnrin mọ́kànlá jọ fún bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lè kó méje jọ láìsí wàhálà. Bí wọ́n bá ka ife hándíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin sí bí wọ́n ṣe ń ka ti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọkùnrin, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i yóò wọlé sínú ìdíje.

Ní Nàìjíríà, dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ló ń ṣe àtúnpín náà, bíi ti Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Òṣogbo tó wà lábẹ́ Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ wá di ti olú-ìlú ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà náà kúrú sí i, àǹfààní sì pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí fún Plateau.

Lókè gbogbo èyí ni ìsọ̀rí ti ilẹ̀ Áfíríkà wà. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá Áfíríkà, tí Patrice Motsepe jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti ọdún 2021, dá ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà sílẹ̀, ìpele àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wáyé ní Durban ní oṣù kẹrin ọdún 2023, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ẹkùn ni wọ́n fi ń pegedé. Ẹkùn WAFU B ni Bẹ̀nẹ̀ wà, pẹ̀lú Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Gánà, Nìjẹ̀r, Nàìjíríà àti Tógò. Ọmọ Adja-Ouèrè tó bá gun àkàbà náà dé òkè lè bá ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà pàdé lórí pápá, kí àwọn méjèèjì sì máa pe bọ́ọ̀lù ní èdè kan náà.

Ìsàlẹ̀ àkàbà náà ni iṣẹ́ kù sí, kò sì dúró de òfin kankan láti ìlú ńlá. Bí ẹkùn mẹ́fà Adja-Ouèrè bá ń díje lọ́nà tí ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ sílé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré ni yóò wáyé, ẹgbẹ́ kan sì lè gbá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún. Bí gbogbo wọn bá ń bá ara wọn gbá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 ni yóò jẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì gbá márùn-ún. Mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, kò sì sí ẹgbẹ́ tí yóò jáde kúrò ní kọ́múùnù. Oṣù kìíní àti oṣù kejì ló yẹ ẹ́ jù lọ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin kò tíì dé, tí ìdánwò BEPC àti Bac sì ṣì jìnnà.