Àrùn ìfun wíwú kò ní kí sárésáré jókòó sílé, ìfun ni kó kọ́kọ́ fetí sí

Ní ìdájí, kí oòrùn tó ràn sórí àpáta Olósùnta àti Orólè ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àwọn sárésáré á ti bọ́ sójú títì. Ọ̀nà agbègbè náà kì í tẹ́jú lọ títí. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, bí ènìyàn bá ti gun òkè kan tán ni yóò tún máa sọ̀ kalẹ̀, tí òkè mìíràn yóò sì máa dúró dè é níwájú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró dáadáa. Ẹni tó bá sì ń múra sílẹ̀ fún ìdíje eré ọ̀nà jíjìn ti ìlú Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, tí wọ́n sì ń sá kìlómítà 42 àti díẹ̀, nílò ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sáré dé ìdajì ọ̀nà, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, tó di dandan kó yà sínú igbó, tó wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ àti ikun ló bá ìgbẹ́ jáde ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó lè gbàgbé rẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ara ń rù, tí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ yóò ṣe ni pé wọn yóò pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọn yóò wá àgbo sí i, wọn yóò sì fi eré sísá sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ àìsàn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ìyẹn àrùn ìfun wíwú. Ẹni tí àrùn yìí ń bá fínra ṣì lè sáré, ó sì lè sá eré ọ̀nà jíjìn pàápàá. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì gbà pé ìfun ni yóò máa sọ ìgbà tí eré tọ́ àti ìgbà tí ìsinmi tọ́.

Kí ni àrùn ìfun wíwú?

Oríṣi méjì pàtàkì ló wà. Àwọn dókítà ń pe ọ̀kan ní Crohn's disease, nítorí Burrill Crohn, dókítà kan ní New York tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1932. Wọ́n ń pe èkejì ní ulcerative colitis. Nínú àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àìsàn jà, ló ń kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun á wú, á pọ́n, á sì dégbò. Ulcerative colitis kì í kọjá ìfun ńlá, awọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló sì máa ń bà jẹ́. Crohn's ní tirẹ̀ lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ó sì lè jẹ wọ inú ògiri ìfun débi pé ojú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá yóò fún.

Àrùn náà kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àsìjẹ. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí okùnfà rẹ̀ délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ohun tí ènìyàn jogún, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé inú ìfun, àti irú ìgbé ayé tí ènìyàn ń gbé ló ń pàdé pọ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọmọ ọdún 15 sí 35, ìyẹn ìgbà tí agbára eléré ìdárayá ń wà lójú ọ̀nà. Oògùn kò lè lé e lọ pátápátá, àmọ́ ó lè mú un rọlẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún púpọ̀ kó tó tún gbérí.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n rí i lára wọn ní gúúsù Nàìjíríà. Lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n níhìn-ín ju ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n àìwọ́pọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń mú kí ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a mọ̀.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kòkòrò amoeba ń fà a máa mú ẹ̀jẹ̀ àti ikun wá. Kòkòrò ikọ́ ife lè wọ inú ìfun, kó sì jọ Crohn's débi pé dókítà pàápàá lè ṣì í mú. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde. Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé oògùn tí wọ́n fi ń mú ìfun wíwú rọlẹ̀, bíi prednisolone, lè sọ ọ̀rìn amoeba tàbí ikọ́ ife di ewu ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń múni yàgbẹ́ lè túbọ̀ gbẹ omi ara ẹni tí ìfun rẹ̀ ti dégbò tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ló ṣáájú. Wọn yóò yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, wọn yóò ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ìdí wọ inú ìfun ńlá, wọn yóò sì bu díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn, kí dókítà ibẹ̀ kọ̀wé rán an lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní Adó-Èkìtì tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ibòmíràn tí wọ́n bá ti ní onímọ̀ nípa ìfun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fletcher àti Redgrave

Àwọn olólùfẹ́ Manchester United kò ní gbàgbé Darren Fletcher, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó máa ń sáré káàkiri àárín pápá láìsinmi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ẹgbẹ́ náà kéde pé yóò lọ sinmi fún ìgbà pípẹ́ nítorí ulcerative colitis. Kó tó di ìgbà náà, ó ti ń fi àìsàn náà pamọ́, àwáwí ló sì ń ṣe fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó gbìyànjú láti padà ní ọdún 2012, àmọ́ ara kò gbà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó padà sórí pápá, ó sì tún di balógun ẹgbẹ́ West Bromwich Albion lẹ́yìn tó lọ síbẹ̀ ní ọdún 2015.

Steve Redgrave, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ọkọ̀ wíwà lórí omi díje, ti gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1984 àti 1988. Ọdún 1992 ni wọ́n rí ulcerative colitis lára rẹ̀. Ó gba wúrà ọdún náà, ó gba ti 1996, nígbà tí wọ́n sì tún rí ìtọ̀ ṣúgà lára rẹ̀ ní 1997, ó ṣì gba ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ní Sydney ní ọdún 2000 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 38.

Kì í ṣe agídí ló gbé àwọn méjèèjì dé ibẹ̀. Ìtọ́jú ni, àti mímọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dúró. Fletcher kò rí ọ̀nà àbáyọ títí tó fi jáwọ́ nínú bíbo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Bí eré ṣe ń kan ìfun

Bí ènìyàn bá ń sáré gan-an, ẹ̀jẹ̀ á fi ìfun sílẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ àti awọ ara, ìfun á sì máa mì jìgìjìgì. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń yọ sárésáré tí kò ní àrùn kankan lẹ́nu. Báwo ni ẹni tó ní àrùn ṣe máa mọ̀ bóyá eré ló fà á tàbí àrùn ló gbérí? Bí inú bá ń lọ́ ọ ní ọjọ́ eré nìkan, tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn eré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré. Bí ìgbẹ́ bá ń jí i lóru, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí kò sì dáwọ́ dúró ní ọjọ́ ìsinmi, àrùn náà ló gbérí. Kí ó pa eré tì, kó lọ rí dókítà.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Nígbà tí dókítà bá sọ pé àrùn ti rọlẹ̀, rírìn ni ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní ọdún 2007, àwọn aláìsàn Crohn's tí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ní ìrọ̀rùn sí i, àrùn wọn kò sì burú sí i. Lẹ́yìn rírìn, kí ó máa fi eré díẹ̀ là á. Bí ó bá ti ń sáré, kí àfikún ọ̀sẹ̀ kan má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó sá kìlómítà 10 lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sá 11 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ó fi òkè gígùn Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí ara yóò fi le. Bí àrùn bá gbérí, tó sì tún rọlẹ̀, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé tẹ́lẹ̀. Kí ó padà sí ìdajì rẹ̀ tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi náà wà lára ìgbaradì.

Kí ó máa yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè múra tó tí yóò sáré dáadáa bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó. Ẹni tí Crohn's bá mú ní ìparí ìfun kékeré lè ṣe aláìní fítámì B12 pẹ̀lú.

Oúnjẹ, omi àti oògùn

Ní Èkìtì, iyán ni oúnjẹ. Iyán fúnra rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, nítorí iṣu tí a ti bó, tí a sì ti gún kúnná kò ní ìhàhá púpọ̀. Ọbẹ̀ tí ata àti epo pọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí Crohn's ti mú kí ojú ìfun rẹ̀ fún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àgbàdo sísun, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ olókùn, nítorí wọ́n lè há sí i nínú. Kò sí oúnjẹ kan tó bá gbogbo aláìsàn mu. Kí olúkúlùkù máa kọ ohun tó jẹ àti bí inú rẹ̀ ṣe rí sílẹ̀, kí ó sì jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré.

Ìgbẹ́ gbuuru àti òógùn jọ ń gbẹ omi ara ni. Ní àkókò ooru, omi lásán kò tó. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà dára: lítà omi mímọ́ kan, síbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì síbí kékeré iyọ̀, kí ojú síbí tẹ́jú.

Ní ti oògùn, ohun mẹ́ta ni sárésáré gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, kí ó má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá, torí pé oògùn bíi mesalazine àti sulfasalazine wà láti dènà kí àrùn má gbérí. Èkejì, ibuprofen, diclofenac àti aspirin, tí ọ̀pọ̀ sárésáré ń lò fún ẹsẹ̀ dídùn, lè ru àrùn náà sókè. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, tí ó lè ní kó lo paracetamol ní ìwọ̀n. Ẹ̀kẹta, prednisolone tí a gbé mì wà lára oògùn tí àjọ WADA, tó ń gbógun ti oògùn akunra nínú eré ìdárayá, kò fọwọ́ sí lásìkò ìdíje. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ fún ìtọ́jú lè tọrọ ìyọ̀ǹda nípasẹ̀ ìwé dókítà.

Ìgbà tí kò sí eré rárá

Ẹni tó bá yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré bó tilẹ̀ jókòó, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí inú rẹ̀ wú tó sì le, tó ń bì, tí kò sì lè yàgbẹ́ tàbí so.

Ohun tó kù ni ìtìjú, òun ló sì le jù. Kí sárésáré máa sá eré yípo àdúgbò dípò kó lọ jìnnà lójú ọ̀nà tí kò sílé. Kí ó mọ ilé epo, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn tí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un. Kí ó sì sọ fún ẹnì kan, ìbáà jẹ́ olùkọ́ eré, ọ̀rẹ́ tàbí ìyàwó, kí ó lè yà kúrò lójú ọ̀nà láìṣàlàyé, kí ẹni náà sì mọ̀ nígbà tí yíyà náà bá ti ń pọ̀ jù. Àwọn àgbà kò fẹ́ kí ènìyàn fi ìtìjú kárùn-ún. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lónìí lè sinmi fún oṣù mẹ́ta, kó sì padà sójú títì Ìkẹ́rẹ́ ní ìdájí. Ẹni tó bá ń fi í pamọ́ lè pàdánù ìfun tí ìtọ́jú ìbá ti gbà là.