Ẹ̀rọ Tí Ń Gba Ohùn Sílẹ̀

Bí o bá fẹ́ gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ni, tàbí ohùn àgbàlagbà tí ó mọ oríkì ilé yín, irú ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí o rà? Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù.

Èdè wa kò gba ohùn wúruwùru. Ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí ohùn kò bá já gaara, ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé kò ní í mọ èyí tí bàbá wí. Ṣé kí ó padà lọ bi bàbá ni? Bàbá lè ti kú nígbà náà, oríkì náà sì bá a lọ.

Jíjìnnà ni ó ń ba ohùn jẹ́ jù. Ní gbangba, bí o bá jìnnà ní ìlọ́po méjì sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ohùn rẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kò sì ní í dín ariwo tiwọn kù nítorí rẹ̀! Nítorí náà, ra ẹ̀rọ tí ó ní ihò tí a lè ki máíkì kékeré bọ̀, irú èyí tí a ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Kí ó ní ihò mìíràn fún ohun tí a ń fi sétí, kí o lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Ní kíláàsì, jókòó níwájú, kí o sì tẹ́ áńkáṣíìfù sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ìró tábìlì má bàa wọ inú rẹ̀.

Oríṣi ìpamọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀. WAV a máa pa gbogbo ohùn mọ́. Wákàtí kan rẹ̀ lè tó 600 mẹgabáìtì. MP3 a máa yọ ohun tí etí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ kúrò. Wákàtí kan rẹ̀ lè má tó 60. MP3 tó fún ẹ̀kọ́. Fún oríkì, WAV ni mo fara mọ́.

Fóònù ńkọ́? Ó dáa ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ṣùgbọ́n dí ọ̀nà ìpè rẹ̀ ná, àbí o fẹ́ kí ẹni tí ń pè ọ́ dá bàbá lẹ́nu dúró? Ní abúlé tí kò sí iná, ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì ọjà ni ó sàn jù.

Láàárín 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Brazil, ó sì gba ohùn àwọn tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Tìrẹ yóò wọ àpò. Síbẹ̀, má ṣe fi pamọ́ sápò láti gba ohùn ẹnikẹ́ni. Wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n gba ohùn yín sílẹ̀?” Bí wọ́n bá gbà, kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, ìlú àti ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, dà á kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí o tó pa ohunkóhun rẹ́ nínú ẹ̀rọ.