Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Kékeré fún Géèmù

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀ràn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù mu rẹ́gí. Ohun mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń wá pọ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà kéré, kí ó lè dúró lórí tábìlì nínú yàrá tóóró. Ó fẹ́ kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó sì fẹ́ kí ó ní agbára tó láti gbé géèmù òde òní láìkọsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta yìí kì í gbé inú ilé kan pọ̀ láìjà. Ohun tí a bá sọ di kékeré a máa gbówó lórí. Ohun tí ó bá lágbára a máa mú ooru jáde, ooru a sì máa wá àyè. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ó ń to irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe pé kí ó wá ẹ̀yà tí ó dára jù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe pé kí ó mọ èwo nínú ìfẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò dẹwọ́ díẹ̀, kí méjì yòókù lè rí ibi dúró sí.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni géèmù, owó tí a fi ń ra ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe owó eré. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa fi oṣù púpọ̀ ṣọ́ owó ná kí ó tó rí i kó jọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra káàdì tí ó fi ìka méjì gùn ju àpótí lọ, kò sí ẹni tí yóò bá a gé e kúrú. Bí ó bá sì dá a padà fún oníṣòwò, bóyá ni yóò rí gbogbo owó rẹ̀ gbà. Kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò sì máa fi kọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kí ó tó tú àpò.

Ẹ̀yà méje ni ó ṣe kókó. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìṣirò. Káàdì àwòrán ni ó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù. Rámù ni ó ń di iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ mú. SSD ni àká tí géèmù ń sùn sí nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pẹpẹ tí gbogbo wọn jókòó lé; ẹ̀rọ apíniná ni ó ń bọ́ wọn; àpótí sì ni ilé wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ èkejì, òfò ni. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ibi tí ó yẹ kí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀ ni mọ́nítọ̀, nítorí pé òun ni ó ń sọ iye iṣẹ́ tí káàdì àwòrán yóò ṣe. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí à ń pè ní 1080p kò ní ìdí láti ra káàdì tí a ṣe fún mọ́nítọ̀ tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Fún irú ẹni yìí ni ilé-iṣẹ́ AMD ṣe Radeon RX 6600, tí ó jáde ní ọdún 2021. Ó ní gígábáìtì 8 fún àwòrán, kò sì ń jẹ ju wáàtì 132 lọ. GeForce RTX 4060 ti NVIDIA, tí ó jáde ní ọdún 2023, ní gígábáìtì 8 bákan náà, wáàtì 115 ni ó sì ń jẹ. Fún àpótí kékeré, wáàtì tí ó kéré jẹ́ èrè ọ̀nà mẹ́ta: ooru dín kù, ariwo fáànù dín kù, ẹ̀rọ apíniná kò sì ní láti tóbi. Lórí káàdì yìí ni ó yẹ kí owó tí ó pọ̀ jù lọ wọlé sí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdajì gbogbo owó.

Lẹ́yìn káàdì ni àpótí àti mọ́dábọ́ọ̀dù. Mọ́dábọ́ọ̀dù kékeré tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Mini-ITX, tí ilé-iṣẹ́ VIA gbé jáde ní ọdún 2001. Mìlímítà 170 ni ní ìbú àti ní òró, ojú ihò rámù méjì ni ó sì sábà máa ń ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Micro-ATX, jẹ́ mìlímítà 244 ní ìbú àti ní òró, ó sì sábà máa ń dín lówó ju àbúrò rẹ̀ lọ. Níhìn-ín ni ìjà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti hàn gbangba. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó Mini-ITX kò ṣẹ̀. Bí ó bá gbà kí àpótí rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi sí i, owó tí ó ṣẹ́kù lè gbé káàdì tí ó sàn wá sílé. Ṣùgbọ́n bí kékeré bá jẹ́ dandan, kí ó ka ìwọ̀n àpótí kí ó tó ka owó rẹ̀. Àpótí NR200 ti Cooler Master, tí ó jáde ní ọdún 2020, kò tó lítà 19, síbẹ̀ ó ń gba káàdì tí ó gùn tó mìlímítà 330 àti fáànù ọpọlọ tí ó ga tó mìlímítà 155. Àpótí pẹlẹbẹ mìíràn wà tí kò lè gba ìdajì gíga yẹn.

Ní ti ọpọlọ, kì í ṣe èyí tí ó lágbára jù ni a ń wá, bí kò ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kí káàdì dúró de òun. Ryzen 5 5600 ti AMD àti Core i3-12100F ti Intel, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2022, tó bẹ́ẹ̀ fún káàdì tí a dárúkọ. Ohun méjì ni kí olùrà ṣọ́ra fún. Èkíní, ọpọlọ méjèèjì yìí kò lè ya àwòrán rárá bí kò bá sí káàdì. Lẹ́tà F tí ó wà lẹ́yìn orúkọ ti Intel ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó káàdì kò bá tí ì pé lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra Ryzen 5 5600G, tí ó lè ya àwòrán fúnra rẹ̀, kí ó máa fi ṣe géèmù tí kò wúwo títí owó yóò fi dé. Èkejì, ọpọlọ àti mọ́dábọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jọ ní irú ojú ihò kan náà. Ihò AM4 ni ti Ryzen 5 5600, rámù DDR4 ni ó sì ń lò. AM5, tí ó dé ní ọdún 2022, DDR5 nìkan ni ó mọ̀. Kódà láàárín àwọn AM4, mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó ti pẹ́ lè máà dá ọpọlọ tuntun mọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ tún ètò BIOS rẹ̀ ṣe.

Rámù gígábáìtì 16 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ó jẹ́ ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 ju kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí pé ẹyọ méjì a máa bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní Mini-ITX rántí pé ihò rẹ̀ ti kún nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ fi kún un lọ́jọ́ iwájú, yóò yọ èyí tí ó wà níbẹ̀ kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó kékeré pa owó ńlá ni ẹ̀rọ apíniná. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọpọlọ wáàtì 65 àti káàdì wáàtì 132 jẹ́ 197. Bí a bá fi nǹkan bí 50 kún un fún ìyókù, ó súnmọ́ 250. Ẹ̀rọ apíniná wáàtì 450 tí ó jẹ́ ojúlówó ti tó, ó sì ṣẹ́kù. Àpótí kékeré sábà máa ń béèrè fún irú tí à ń pè ní SFX, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 125, nígbà tí ti ATX tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ 150. Ẹ̀rọ apíniná ayédèrú tí a kọ wáàtì 700 sí lára kò sàn ju èyí lọ. Bí ó bá jóná, ó lè mú ẹ̀yà mìíràn bá a lọ. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń lo inverter, ẹ̀rọ tí kò jẹ iná púpọ̀ ni yóò jẹ́ kí bátìrì pẹ́ kí ó tó tán.

Ọ̀nà mìíràn ṣì wà fún ẹni tí àpò rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà mìíràn bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò wà, bí irú Dell OptiPlex pẹlẹbẹ. Ọpọlọ, rámù àti àpótí ti wà nínú rẹ̀. Káàdì ni ó kù. Ṣùgbọ́n irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju káàdì kúkúrú lọ, ihò káàdì rẹ̀ kò sì lè fún káàdì ní ju wáàtì 75 lọ. GeForce GTX 1650 ti ọdún 2019 àti RTX 3050 onígígábáìtì 6 ti ọdún 2024, tí ó ń jẹ wáàtì 70, ní irú èyí tí a ṣe kúkúrú fún àpótí bẹ́ẹ̀. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ apíniná rẹ̀ kì í sábà bá ti ẹlòmíràn mu. Ibi tí a bá bá a náà ni yóò wà. Kò ní dàgbà mọ́.

Ètò ìrajà náà wá dúró báyìí: mọ́nítọ̀ ni kí a fi mọ káàdì, káàdì ni kí a fi mọ àpótí, àpótí ni kí a fi mọ mọ́dábọ́ọ̀dù, mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí a fi mọ ọpọlọ àti rámù, gbogbo wọn lápapọ̀ ni kí a sì fi mọ ẹ̀rọ apíniná. Kí olùrà kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ó fi wọ́n wé ara wọn, kí ó tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ètò yìí lè máà ní ẹ̀rọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa wò tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n yóò ní èyí tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.